Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ wo ẹranko igbó ní Kenya tàbí Tanzania, kí lojú yín rí?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti ń da owó jọ láti èṣí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, oṣù Kẹjọ la máa lọ sí Tanzania, ọjọ́ méje: Tarangire, Serengeti, Ngorongoro. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ló rẹwà, àmọ́ fọ́tò kì í sọ tán. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tójú yín rí fún mi, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn.

Ọmọ Aláré
Ẹ má wọ búlúù, ẹ má wọ dúdú.

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá
Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?

Ọmọ Aláré
Eṣinṣin tsetse. Àwọ̀ méjèèjì yẹn ló ń fà wọ́n. Ẹ ó rí aṣọ búlúù àti dúdú tí wọ́n so kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà ní Tarangire àti Serengeti, pańpẹ́ tí wọ́n dẹ fún wọn ni, oògùn wà lára rẹ̀. Èmi ò mọ̀, mo wọ jíǹsì. Ẹ̀yìn itan mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń gún aṣọ kọjá bí abẹ́rẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì Peckham
Àdùkẹ́ mi, Tarangire ni kó o fún ní ọjọ́ méjì, má jẹ́ kí wọ́n fi sáré kọjá níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń kánjú dé Serengeti. Oṣù Kẹjọ, òjò ti lọ, omi ti gbẹ nínú igbó, odò Tarangire nìkan ni gbogbo erin ń wá sí. Igi osè ibẹ̀ pọ̀, àwọn kan ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èèpo ara wọn sì ti bó nítorí erin ń fi eyín wa á jẹ.

Dẹ́rẹ́bà wa pa ẹ́ńjìnì. Ó ní ká dákẹ́. Ọmọ mi wọ̀nyí tí kì í dákẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n dákẹ́. À ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa koríko tu: fàà, fàà. À ń gbọ́ ikùn wọn tó ń kùn. Ìyá kan wà ńbẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ gbẹ́ yanrìn odò, ó gbẹ́ ẹ títí omi fi sun, omi tó mọ́ ju ti odò lọ. Ọmọ rẹ̀ ò tíì mọ ọwọ́jà ara rẹ̀ lò dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu mu ún. Àwọn àgbà ní ajànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Àwa ò rí i fìrí o, wákàtí kan gbáko la fi wò ó.

Ẹ mú súwẹ́tà dání. Òtútù etí kòtò ńlá Ngorongoro kì í ṣe ti eré. Àti pé tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ jẹun lẹ́bàá adágún tó wà nísàlẹ̀, ẹ jẹun nínú mọ́tò. Àwòdì já itan adìẹ gbà lọ́wọ́ Kẹ́hìndé, èékánná rẹ̀ ò tiẹ̀ kan ọmọ náà.

Ọmọ Aláré
Tèmi, àkàrà ni àwòdì gbé.

Dúpẹ́ Ọ̀ṣun
Àkàrà ní Ngorongoro? Níbo lẹ ti rí i?

Ọmọ Aláré
Ìyàwó mi gbé ẹ̀wà lílọ̀ láti ilé. Ó din ín ní Arusha. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí a fi di àwọn nǹkan wa, wọ́n gba gbogbo rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Tanzania ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti 2019, Kenya ti ṣe tiẹ̀ láti 2017. Ẹ fi aṣọ ránpò.

Bàbá Tìmílẹ́yìn
Mo ṣiṣẹ́ ní Nairobi fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì lọ sí Maasai Mara, igbó ẹranko Kenya tó bá Serengeti pààlà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn.

Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní nyumbu níbẹ̀, orí bíi ti màlúù, irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n ń tẹ̀ lé òjò yípo Serengeti àti Mara lọ́dọọdún. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń la odò Mara kọjá. Oṣù Kẹsàn-án la lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ti wà létí odò. Títí aago kan ọ̀sán, wọn ò wọ omi. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ débi omi, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, ọ̀kan á ta gìrì, gbogbo agbo á sá padà sókè, eruku á bò wá. Mọ́tò tó wà níbẹ̀ á tó ogójì.

Nígbà tí àkọ́kọ́ bẹ́ sómi, kò sí mọ́tò tó dúró síbi tó wà mọ́. Oníkálùkù ń sún síwájú kí àlejò rẹ̀ lè ya fọ́tò. Bíi mẹ́fà lọ dúró síbi tí àwọn ẹran náà ti máa gòkè níhà tiwa gan-an. Àwọn tó ti lúwẹ̀ẹ́ já bá irin níwájú, wọ́n yí padà, wọ́n já lu àwọn tó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Etí odò yẹn ga, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Mo rí ọmọ ẹran kan tó gun ẹrẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, tó ń yọ̀ padà. Ìgbà tí mo tún wo ibẹ̀, mi ò rí i mọ́.

Ta ló ní kí dẹ́rẹ́bà wa sún síwájú? Èmi ni. Mo tiẹ̀ ti na owó sí i.

Àṣàkẹ́ Houston
Ẹ̀gbọ́n, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́.

Láńre Ajé
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n odò yẹn ti ń pa wọ́n kí mọ́tò tó débẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń kú sínú omi náà lọ́dọọdún. Ọ̀nì ń jẹ nínú rẹ̀, igún ń jẹ, ẹja ń jẹ. Bí Ọlọ́run ṣe tò ó nìyẹn.

Bàbá Tìmílẹ́yìn
Àbúrò, mo mọ̀. Èyí tí odò pa, odò ló pa á. Èyí tí mò ń sọ, irin ló dínà mọ́ ọn.

Láńre Ajé
Ó yé mi, sà.

Dúpẹ́ Ọ̀ṣun
Mi ò lè dá dẹ́rẹ́bà lẹ́bi. Owó tí àlejò bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn ló fi ń rán ọmọ níléèwé. Bí ẹni mẹ́fà bá ń pariwo "sún mọ́ ọn, sún mọ́ ọn," kí ló fẹ́ ṣe?

Mojí Abẹ́òkúta
Ó lè kọ̀. Tiwa kọ̀.

Ní Serengeti, a rí àmọ̀tẹ́kùn kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nínú koríko, ó jìnnà sí ọ̀nà díẹ̀. Mọ́tò méjì kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n wọ inú koríko tọ̀ ọ́ lọ. Ọkùnrin kan nínú mọ́tò tiwa bẹ̀rẹ̀ sí bínú pé kí àwa náà lọ, pé òun ò sanwó láti wá wo ẹ̀yìn mọ́tò. Dẹ́rẹ́bà wa ò gbóhùn sókè. Ó ní ojúmọmọ lẹranko yìí fi ń ṣọdẹ, kò lágbára tó kìnnìún, ìkookò lásán lè gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí a bá dúró láàárín ìyá yìí àti ẹran tó ń wò, àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn á sùn lébi. Ó wá fi ìka hàn wá: ẹtu kékeré kan wà lápá òsì tí àwa ò tiẹ̀ rí. Ìyá yẹn ti ń wò ó láti ìgbà yẹn.

Àwọn mọ́tò méjì yẹn sún wọlé, ẹtu sá. Mo rí i bí ìyá náà ṣe jókòó padà. Èmi àti ọkọ mi, ìlọ́po méjì ohun tí a ti pinnu la fún dẹ́rẹ́bà wa lọ́jọ́ tí a ń lọ.

Bàbá Tìmílẹ́yìn
Ẹ bá mi kí i tẹ́ ẹ bá tún rí i, Mojí.

Ọmọ Ọdẹ Igbẹ́tì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Mojí, ṣé èyí tí ilà dúdú méjì ṣàn láti ojú dé ẹnu bí omijé ni, àbí èyí tó ń gbé ẹran gun igi? Nítorí èyí tó ń gun igi, ẹkùn ni.

Mojí Abẹ́òkúta
Èyí tó ní ilà omijé ni. Duma ni wọ́n pè é fún wa. Ṣé ẹkùn kọ́ ni ti India, èyí tí ara rẹ̀ pọ́n tó ní ilà gbọọrọ?

Ọmọ Ọdẹ Igbẹ́tì
Ìwé ilé-ìwé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Èyí ti India kò sí nígbó Áfíríkà. Ta wá ni àwọn ọdẹ wa ń kì ní ẹkùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́? Awọ ta ni àwọn ọba ń jókòó lé?

Láńre Ajé
Ikọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020 ń kọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹranko tó ń gun igi ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ọmọ Ọdẹ Igbẹ́tì
Orúkọ dáa, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n òwe wà pé àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn, kò lè ṣe bí ẹkùn. Bó bá jẹ́ ẹyọ ẹranko kan náà ni, ìtumọ̀ wo ni òwe náà ní?

Ìyá Ìbejì Peckham
Òwe yẹn tó mi. Mo gbà.

Láńre Ajé
Mi ò gbà, àmọ́ màá béèrè lọ́wọ́ bàbá mi.

Adé Ìbàdàn
Owó yín pọ̀ o. Kí ló dé tí ẹ ò lọ sí Yankari ní Bauchi?

Dúpẹ́ Ọ̀ṣun
Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ọmọ Ọdẹ Igbẹ́tì
Mo ti lọ sí Yankari. Mo rí erin, mo wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Wikki. Ẹ má fojú kékeré wò ó, ẹni tó bá lè lọ, kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹfọ̀n.

Igbẹ́tì ni wọ́n bí mi sí, igbó ọba tó yí àlàpà Ọ̀yọ́-Ilé ká kò jìnnà sí wa. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí wọn. Láti kékeré ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kì ẹfọ̀n. Mo mọ ìtàn Ọya àti awọ ẹfọ̀n tó gbé pamọ́. Ìwo ẹfọ̀n méjì wà lára ògiri yàrá bàbá mi, àwa ọmọ la máa ń nu eruku ara rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún. Ẹfọ̀n alààyè ni mi ò rí rí. Ọmọ ọdún 41 ni mí kí n tó rí i, ní Ngorongoro.

Òwúrọ̀ kùtù la sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ dà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, òkè iná tó wó sínú ara rẹ̀ ni. Ògiri rẹ̀ ga tó nǹkan bíi 600 mítà yíká, kùrukùru sì bo ìsàlẹ̀. Bí kùrukùru ṣe ká, ẹfọ̀n kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìwo rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń jáde bí èéfín. Lékeléke kan dúró sórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wò mí, kò mira.

Ẹnu mi là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kì í, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi, tí mo rò pé mo ti gbàgbé. Dẹ́rẹ́bà bi mí pé kí ni mò ń sọ. Mo ní mò ń kí i ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nyati ni àwọn ń pè é. Mo ní ẹfọ̀n. Ó pè é: "Ẹfọ̀n." Ó pè é dáadáa.

Àṣàkẹ́ Houston
Ọkàn mi bọ́ sílẹ̀ níbi ìwo tẹ́ ẹ ń nu.

Mo lọ sí Ol Pejeta ní Kenya. Àgbáǹréré funfun ti àríwá, méjì péré ló kù láyé, Najin àti Fatu, ìyá àti ọmọ, abo ni méjèèjì. Akọ tó kù kẹ́yìn, Sudan, kú ní oṣù Kẹta 2018. Àwọn onímọ̀ ń gba ẹyin lára Fatu, wọ́n ń gbìyànjú kí irú àgbáǹréré mìíràn bá wọn gbé oyún rẹ̀. Najin àti Fatu ń jẹ koríko lọ ní tiwọn, ọmọ ń fi ara gbún ìyá rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó nìbọn dúró tì wọ́n. Mi ò lè ya fọ́tò.

Adé Ìbàdàn
Mo dákẹ́.

Dúpẹ́ Ọ̀ṣun
Àwọn Maasai tó ń da màlúù ní Ngorongoro ńkọ́? Ṣé àwọn kọ́ ló ń lé ẹranko lọ?

Bàbá Tìmílẹ́yìn
Rárá o. Ìṣe wọn látilẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ ẹran ìgbẹ́, màlúù wọn ló tó wọn. Inú Serengeti ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní 1959 ni wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé Ngorongoro. Láti 2022, ìjọba tún ń kó wọn lọ sí Msomera, ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó bá ẹranko gbé fún ọ̀pọ̀ ìran ni wọ́n ń ní kó káńgárá, kí àwa àlejò lè ráyè. Ó ń dùn mí.

Láńre Ajé
Ìjọba ní èèyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Bàbá Tìmílẹ́yìn
Àwọn ilé ìtura tó wà létí òkè yẹn ńkọ́, Láńre? Ta ló ń kà wọ́n?

Àdùkẹ́ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́ méjì ni Tarangire, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí dẹ́rẹ́bà wa má kúrò lójú ọ̀nà, ohun yòówù ká rí. A máa gba yẹ́lò káàdì, ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ Ọdẹ, ṣé bàbá yín ṣì wà?

Ọmọ Ọdẹ Igbẹ́tì
Wọ́n wà, a dúpẹ́. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Nígbà tí mo dé, mo fi fídíò inú fóònù hàn wọ́n. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ti ibẹ̀ dú, pé tiwa pọ́n ju báyìí lọ, kò sì tóbi tó yẹn. Wọ́n wá bi mí pé apá ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí mo dúró níwájú rẹ̀.

Mojí Abẹ́òkúta
Kí lẹ dá wọn lóhùn?

Ọmọ Ọdẹ Igbẹ́tì
Mo ní mi ò kíyè sí i. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní kí n tún padà lọ.