Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: iṣẹ́ Barbara Stanwyck wo ni kí èmi àti màámi kọ́kọ́ wò?

Àdùnní Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lálẹ́ Sátidé, èmi àti màámi jọ wo Double Indemnity, fíìmù 1944 tí Barbara Stanwyck ti ṣe ìyàwó tó bá ọkùnrin mìíràn dìtẹ̀ láti pa ọkọ rẹ̀ nítorí owó adójútòfò. Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún wọn. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń pa ọkọ yẹn nínú mọ́tò, n kò rí nǹkan kan túmọ̀. A ò tilẹ̀ rí ọkọ náà. Ojú ìyàwó nìkan ni kámẹ́rà gbé sí. Ó jókòó nídìí mọ́tò, ó ń wo iwájú, kò yíjú, kò pariwo, ó sì dà bíi pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Màámi sún síwájú lórí àga, wọ́n ní, "Ta lobìnrin yìí? Wá òmíràn tó ṣe."

Mo wá a, mo sì rí i pé fíìmù rẹ̀ lé ní ọgọ́rin, ká má tíì sọ ti tẹlifíṣàn. Èwo ni ká mú? Ọ̀rọ̀ ẹbí, ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ, ni màámi fẹ́ràn jù. Èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá yá jù, ìtumọ̀ mi ò ní lè bá a. Dátà náà tún wọ́n.

Ìyá Ìbejì
Àdùnní, o kú ìtọ́jú màmá. Má wulẹ̀ dààmú ara rẹ, Stella Dallas ni kẹ́ ẹ wò, ti 1937. Ọmọ tálákà tó ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Stella, ó fẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ olówó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Laurel. Ọkọ àtìyàwó ò rẹ́, oníkálùkù gba ọ̀nà tirẹ̀, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ ìyá. Stella fẹ́ràn ọmọ yìí dé góńgó. Àmọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ìyá ń rí i pé aṣọ òun tó ń dán yìnrìn, ariwo ẹnu òun, gbogbo bí òun ṣe rí, ni kò ní jẹ́ kí àwọn olówó tí ọmọ òun ń bá rìn gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ibì kan wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí mi ò lè gbàgbé. Ilẹ̀ ti ṣú, ìyá àtọmọ ti dùbúlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọge kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá Laurel ṣe ẹ̀sín, wọn ò mọ̀ pé ó wà nítòsí. Ìyá gbọ́, ọmọ náà gbọ́. Laurel rò pé ìyá òun ti sùn, ó rọra wọ ibùsùn ìyá rẹ̀ lọ, ó dì mọ́ ọn. Ìyá di ojú, ó ń ṣe bí ẹni tó sùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Màmá rẹ ò ní béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹ. N kò ní sọ bó ṣe parí, àmọ́ ẹ mú áńkáṣíìfù dání.

Stanwyck fúnra rẹ̀ náà mọ ohun tí àìníyàá ń ṣe. Ruby Stevens ni orúkọ àbísọ rẹ̀, Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 1907. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ẹnì kan tó ti mutí yó ti ìyá rẹ̀ já bọ́ láti inú ọkọ̀ orí irin ìgboro, tíyẹn sì kú. Bàbá wọn bá iṣẹ́ ọ̀nà omi Panama lọ, kò padà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn alágbàtọ́ ló gbé dàgbà. Ibẹ̀ ni omijé Stella ti wá.

Bàbá Onísinimá
Ìyá Ìbejì, Stella Dallas tí ẹ dárúkọ tọ̀nà, mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ká máa sọ pé ìyà ọmọ òrukàn ló sọ ọ́ di òṣèré. Ọmọ òrukàn pọ̀ ní Brooklyn nígbà náà. Iṣẹ́ ni obìnrin yìí ṣe. Ijó ló kọ́kọ́ fi ń jẹun, ó jó lábẹ́ Ziegfeld, ọkùnrin tó ń gbé eré ijó ńlá kalẹ̀ ní New York, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ó bọ́ sórí ìtàgé Broadway, kó tó dé Hollywood.

Frank Capra tó darí rẹ̀ nínú Ladies of Leisure (1930) tètè rí ohun kan: ìgbà àkọ́kọ́ tí Stanwyck bá sọ ọ̀rọ̀ kan ló máa ń dára jù. Gbogbo ara ló fi ń ṣe é. Tí wọ́n bá ní kó tún un ṣe nígbà kẹta tàbí ìkẹrin, ó ti rẹlẹ̀. Kí ni Capra wá ṣe? Ó ń bá àwọn òṣèré yòókù dánra wò láìpè é, ó sì gbé kámẹ́rà tó ju ẹyọ kan lọ kalẹ̀, kí wọ́n lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kíyè sí ojú rẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ojú ẹni tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí ní ìgbà ogún.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀: láyé tí iléeṣẹ́ fíìmù máa ń fi àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ de òṣèré mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de òun títí. Ó ń bá ibi tí iṣẹ́ bá ti wù ú ṣe. Ní 1944, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òun ni obìnrin tí owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè náà.

Àdùnní, ní ti dátà: Meet John Doe (1941) àti The Strange Love of Martha Ivers (1946) ti bọ́ kúrò lábẹ́ òfin àṣẹ oníṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ni wọ́n mọ́. Wà wọ́n sórí fóònù láti Internet Archive, ìkànnì tó ń tọ́jú fíìmù àti ìwé àtijọ́, nígbà tí dátà òru bá wà, ẹ ó sì wò ó nígbà tó bá wù yín. Mú Martha Ivers. Obìnrin tó pa ìbátan rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́ ọ lọ́mọdé, tó wá di olówó ìlú, tí àṣírí ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Níbẹ̀ ni Kirk Douglas ti kọ́kọ́ ṣe fíìmù láyé rẹ̀.

Akin Ọmọ Èkìtì
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹkún pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn yín. Obìnrin yìí mọ apanilẹ́rìn-ín ṣe gan-an! Àǹtí Àdùnní, ẹ wo The Lady Eve (1941). Ó ṣe ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó ń jẹ owó lára àwọn olówó lórí ọkọ̀ ojú omi nípa títa káàdì. Ó jókòó nílé oúnjẹ, ó gbé dígí kékeré tó fi ń kun àtíkè sókè, ó ń wo òṣèrékùnrin Henry Fonda àti gbogbo omidan tó fẹ́ fà á mọ́ra nínú dígí yẹn, ó sì ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tí Fonda dìde tó ń kọjá lọ, ó na ẹsẹ̀ sí i lọ́nà, ọmọkùnrin ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ball of Fire náà, ọdún kan náà ni.

Àdùnní Ọmọ Ìbàdàn
Akin, o ṣeun. Ṣé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò yá jù?

Bàbá Onísinimá
Ó yá jù, ọmọ mi. Ẹnu ló pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ball of Fire gan-an, ọ̀rọ̀ ìgboro Amẹ́ríkà ni ìtàn náà dá lé: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ìwé ìmọ̀, wọ́n wá olórin ilé ijó láti kọ́ wọn ní èdè àwọn ọmọ ìta. Kó o tó túmọ̀ ọ̀kan, mẹ́fà ti kọjá. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ tó o bá fẹ́ dá wò ó. Dígí tí Akin sọ yẹn nìkan ni mo lè ní kó o fi han màmá.

Àǹtí Ṣadé Peckham
Ẹ kú àsìkò yìí. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo yín fi tẹlifíṣàn sílẹ̀. Nígbà tí fíìmù kò fún obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún níṣẹ́ gidi mọ́, tẹlifíṣàn ló gbà á. Ó gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ àwọn eré tẹlifíṣàn, ní 1961 fún eré tirẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan péré ni wọ́n fi ṣe é. Ó tún gba Emmy ní 1966 fún The Big Valley.

Àdùnní, The Big Valley ni màmá rẹ ń wá. Apá 112 ni, 1965 sí 1969. Stanwyck ni Victoria Barkley, opó tó ni ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn ní California, tó ń ṣe olórí ilé lórí àwọn ọmọ tó ti dàgbà. Nínú apá àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Heath dé, ó ní ọmọ olóògbé lòun, ìyẹn ọmọ tí bàbá bí síta. Lee Majors ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí màmá gbọ́ ìyẹn ná! Àwọn ọmọ ilé ń bínú, wọ́n ń bá a jà. Ìyàwó tí ọkọ dalẹ̀ rẹ̀ ló ń gba ọmọ náà mọ́ra, tó ń pè é ní ọmọ tòun. Ìjà lórí ogún àti ilé, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Wọn kì í sáré sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ò sì tó wákàtí kan, màmá lè wò ó kó tó sùn.

Ó gun ẹṣin níbẹ̀, ó gun un dáadáa. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wá Forty Guns (1957) wò: ẹṣin wọ́ ọ nílẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú okùn gàárì. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, ó sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún.

Ìyá Ìbejì
Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣé gan-an. The Thorn Birds (1983) ńkọ́?

Àǹtí Ṣadé Peckham
Ó dára, ó gba Emmy kẹta níbẹ̀. Ìyá olówó ní Ọsirélíà tí ọkàn rẹ̀ fà sí fádà ìjọ Àgùdà, tó sì fi ìwé ìpíngún rẹ̀ dẹ pàkúté fún un. Ó lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, síbẹ̀ ibi tó ti ń sọ fún fádà pé ara òun ló darúgbó, pé ọkàn òun kò darúgbó, ó gún mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ nínú ìtàn náà, ìyókù gùn. N kò ní fi bẹ̀rẹ̀.

Akin Ọmọ Èkìtì
Ẹ̀yin àgbà, Baby Face (1933) ńkọ́? Àǹtí Àdùnní, èyí kì í ṣe ti màmá o, torí ọmọbìnrin tó ń fi ọkùnrin gòkè níbi iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n Theresa Harris, òṣèré aláwọ̀ dúdú, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Chico, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn tí wọ́n máa ń fi ènìyàn dúdú ṣe ẹlẹ́yà, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Nígbà tí ọ̀gá kan ní kí Chico máa lọ, Stanwyck kọ̀ jálẹ̀. Àwọn aṣèyẹ̀wò ti gé fíìmù yẹn nígbà náà. Ẹ̀dà tí wọn ò gé jáde ní 2004. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá.

Bàbá Onísinimá
O káre, Akin. Mo gbàgbé ìyẹn.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, torí mo fẹ́ kí Àdùnní mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ní 1939, wọ́n fẹ́ lé òṣèré William Holden kúrò nínú fíìmù Golden Boy. Ọmọdé ni, kò mọṣẹ́. Stanwyck ló dúró fún un, ó sì ń bá a kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1978, tí àwọn méjèèjì dúró lórí pèpéle Oscar láti fi àmì ẹ̀yẹ fún ẹlòmíràn, Holden dá iṣẹ́ dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dárúkọ Stanwyck fún Oscar tí kò gbà á. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní ti ọlá ní 1982, Holden ti kú ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Ó dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ní ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ fún òun ti ṣẹ.

Àdùnní Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Ṣadé sí màámi létí. Nígbà tí mo dé ibi ọmọ tí bàbá bí síta, wọ́n ní kí n má kàwé mọ́, kí n lọ wá a. Nítorí náà, The Big Valley la ó kọ́kọ́ wò, Stella Dallas ni yóò tẹ̀ lé e ní Sọ́ńdè. Mo ń wa Martha Ivers lọ́wọ́lọ́wọ́.

Àǹtí Ṣadé Peckham
Rí i dájú pé láti apá àkọ́kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀, Palms of Glory ni wọ́n pè é. Tẹ́ ẹ bá fo ìyẹn, màmá ò ní mọ ìdí tí Nick, ọmọ rẹ̀ tó máa ń bínú kíákíá yẹn, fi ń wo Heath bí ọ̀tá.