Ọjọ́ tí ìwé máa parí kọ́ ni ọjọ́ tí à ń dìde: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Láti Ṣàngó Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ló ń tọ́jú ìwé ọkọ̀, ìwé ẹ̀rọ àti ìwé àyíká fún ilé iṣẹ́, tí a ò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe páìpù irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó débẹ̀, bàbá àgbà kan ló ń tọ́jú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, orí ló sì fi ń ṣe é. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí insọ́ránsì ọkọ̀ kan parí, wọ́n á ti dé ọ́fíìsì mánéjà láàárọ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ kẹta o." Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n kó fáìlì mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé orí bàbá ni fáìlì karùn-ún.

Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fóònù dún láàárọ̀ kùtù. Dírẹ́bà wa ni. "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti dá wa dúró ní Ògèrè o. Wọ́n ní road worthiness ti kú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án." Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó ni wọ́n ń wí. Ara mi gbọ̀n. Mo ṣí fáìlì, mo rí i pé láísẹ́ǹsì ọkọ̀ náà ṣì ku oṣù márùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ọdún kan ni láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni road worthiness ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣòwò. Ọjọ́ ara ìwé kan ni mo wò, mo sì gbà pé gbogbo ìyókù bá a dọ́gba. A san owó ìtanràn, ẹrù sùn sójú ọ̀nà, oníbàárà bínú.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí títí dòní. Ẹ̀rù ti bà mí, mo bá jókòó ti àwọn fáìlì yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, mò ń kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí wáyà tí kírénì wa fi ń gbé ẹrù, mo rí i pé ó ti di oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn. Factories Act, òfin ààbò òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́, ní kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ti kírénì fúnra rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́rìnlá lọ. Bọ́ìlà, ìkòkò irin ńlá tó ń sọ omi di oru, oṣù mẹ́rìnlá bákan náà. (Oṣù mẹ́rìnlá yìí máa ń tan èèyàn jẹ gan-an. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹta ọdún yìí, ó di oṣù karùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀, ó di oṣù keje lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò lóṣù kan pàtó tí ọkàn lè mọ̀ ọ́n mọ́.)

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ bá ọmọkùnrin tó ń so ẹrù mọ́ wáyà náà, mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi pé kí n wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn irin tín-ín-rín tó ti já lára wáyà ló ń ya á. "Ó ti pẹ́ tó ti ń gún mi, sà," ló wí. "Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Mo yí wáyà náà síwá sẹ́yìn nínú oòrùn, mo ń ka ojú ibi tó ti já. Mo ka mọ́kànlá níbì kan ṣoṣo kí n tó dákẹ́. Gírísì ti bo ìyókù. Ẹ̀gbẹ́ wáyà yẹn ni ọmọ náà ń dúró sí lójoojúmọ́, tí àdìpọ̀ páìpù wà lókè. A gé e sí méjì lójú ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ méjì ni mo ń kọ fún ìwé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó máa parí, àti ọjọ́ tí n óò bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Èkejì yẹn ni mò ń tẹ̀ lé. Bírò pupa ni mo fi ń kọ ọ́ sí pátákó ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ síwèé láàárọ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí i. Ẹ̀yin ńkọ́?

Láti Àgbárá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti omi ìdọ̀tí ni tèmi. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ní kí a máa mú èsì àyẹ̀wò omi tí ilé iṣẹ́ wa ń tú jáde wá. Nígbà àkọ́kọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta ni mo bu omi lọ sí láàbù, inú mi sì ń dùn pé mo tètè ṣe é. Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ní, "Àǹtí, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ọ̀kan nínú àyẹ̀wò yìí. Kò sí bí mo ṣe lè sáré sí i." BOD ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á wọn atẹ́gùn inú omi náà, wọ́n á tì í mọ́ inú òkùnkùn ní ìwọ̀n 20°C fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á tún un wọ̀n, kí wọ́n lè mọ bí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe lo atẹ́gùn náà tó. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní n óò fowó kún un. Owó ò lè sọ ọjọ́ márùn-ún di méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni mo ń bu omi báyìí. Bí èsì bá burú, àyè ṣì wà láti tún nǹkan ṣe, nítorí àwọn èèyàn ń pẹja nínú odò tí omi wa ń ṣàn lọ.

Láti Manchester

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà níbí. Ìjọba ní kí awakọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35 láàárín ọdún márùn-ún, kí Driver CPC, ìwé ẹ̀rí tí a fi ń ṣiṣẹ́ awakọ̀, má baà kú. Mo ní ọdún márùn-ún ṣì jìnnà. Ó ku oṣù méjì, n kò tíì jókòó wákàtí kan. Nígbà tí mo wá kíláàsì, gbogbo ibẹ̀ ti kún, torí pé bí mo ṣe rò ó ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà nílé láìṣiṣẹ́, owó ilé ò sì dúró dè mí. Ní báyìí, ọjọ́ kan lọ́dún ni mò ń lọ, wákàtí méje. Tó bá fi máa di ọdún márùn-ún, á pé.

Láti Ìkòròdú

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì o. Ẹ̀rọ ló gé ọkọ mi ní ìka méjì níbi iṣẹ́. Wọ́n sanwó ọsibítù ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kó lọ sinmi. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé òfin ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ilé iṣẹ́ létí, tó sì fún ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, àjọ ìjọba tó ń sanwó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa. Ọjọ́ kejìlá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là á yé wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la kọ lẹ́tà, mo sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ sára ẹ̀dà tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọjọ́ ìwé ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti ẹni tó fara pa mọ́ ọn.

Láti Ṣàngó Ọ̀tà

Ìyá wa, ẹ kú ìrójú. Ọlọ́run á tu ọkọ yín lára. Kò sí lára pátákó wa tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ ọ́ báyìí, lókè gbogbo ìyókù: ọjọ́ 7, ọjọ́ 14.