Ohùn tó ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò: ó ti yanjú o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ké gbàjarè pé tí mo bá ti gba ohùn àǹtí mi tí wọ́n ń kọ wákà sílẹ̀ ní yàrá mi, ní Adéwọlé n'Ílọrin níbí, ńṣe ló ń dún bíi pé inú ìkòkò ni wọ́n wà, tí nǹkan sì tún ń kùn lábẹ́ ẹ̀.

Yàrá ló fa ti àkọ́kọ́, kì í ṣe máíkì. Ohùn ń lu ògiri tó ṣófo, ó ń padà. Mo gbé fóòmù ibùsùn nàró sẹ́yìn wọn, mo ta bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àlàfo àtẹ́lẹwọ́ kan ló wà láàrin ẹnu wọn àti máíkì. Mo dín gain, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ fi ń gba ohùn wọlé, kù títí ibi tí wọ́n ti ké jù ò fi kọjá -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn, kí ohùn má baà fọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èémí tí wọ́n mí sínú kí wọ́n tó gbórin, orí mi wú.

Kíkùn yẹn? Ṣájà laptop ni. Mo yọ ọ́, bátìrì nìkan la lò, kẹ́kẹ́ sì pa. Ẹni tó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò ra máíkì tuntun mọ́.

Ó ku ìlù. Ó di Sátidé.