Gbèsè ìjọba ìbílẹ̀ àti lóònù àgbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń kọ prójẹ́ẹ̀tì lórí gbèsè ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣáínà, ibì kan wá ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó yé mi ni pé lọ́dún 1994 wọ́n tún owó orí pín, ìjọba àpapọ̀ kó apá tó pọ̀ lára ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ò kúrò lọ́rùn àwọn tó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ni o, iléèwé ni o, owó oṣù tíṣà ni o, òfin ìgbà yẹn ò sì jẹ́ kí wọ́n ta bọ́ǹdì (ìwé tí ìjọba fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú) fúnra wọn, ni wọ́n bá ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń bá wọn yáwó. Nígbà tó di 2006 wọ́n tún fagi lé owó orí àgbẹ̀. Ìyẹn dáa fáwọn àgbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ìgbèríko tún gbẹ sí i.

Ìbéèrè mi rèé: tí ìjọba bá lọ yá lára owó táwọn ará abúlé fi pamọ́ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí ò wá rí i san, ṣé ìyẹn ni ò jẹ́ kí àgbẹ̀ rí lóònù, àbí torí pé ilẹ̀ abúlé kì í ṣe tẹnì kan ṣoṣo, tí àgbẹ̀ ò fi lè fi ṣe ìdúró fún lóònù nígbà yẹn? Tí mo bá wo àkọsílẹ̀ báńkì, àwọn méjèèjì jọra. Báwo lẹ ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀? Kódà tó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè míì lẹ ti ṣe irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.