Ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé lóṣù Ògún: kí la ó fà tu, kí la ó dá sí kí òjò àrọ̀kúrò tó dé?

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ebè mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan, ó sì gùn tó mítà márùn-ún. Láti ìparí oṣù keje ni òjò ti fà sẹ́yìn, ojú ọ̀run kàn ń ṣú lásán ni. Tẹ̀tẹ̀ tí a gbìn lóṣù kẹfà ti ń yọ òdòdó, ewé rẹ̀ ń ká, ó sì ń lu ihò. Ewédú ti so. Tòmátì mẹ́fà nínú méjìlá ń rọ, bẹ́ẹ̀ ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Omi tí à ń bù sí i kò yí nǹkan kan padà. Ata rodo nìkan ló dúró dáadáa. Èwo ni kí n fà tu? Kí ni mo lè gbìn tí yóò bá òjò àrọ̀kúrò mu?

Bàbá Alágbàdo

Tòmátì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́, torí ohun tó ń ṣe é lè ràn dé ìdí ata. Tòmátì tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń rọ lọ́sàn-án, á sì jí tí ẹ bá bomi rin ín. Eléyìí kò jí, ewé rẹ̀ kò sì pọ́n. Àrùn bakitéríà inú ilẹ̀ ni mo fura sí, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ gé igi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nítòsí ilẹ̀. Ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú ife gíláàsì tí omi tó mọ́ wà nínú rẹ̀, kí ojú ibi tí ẹ gé wọnú omi díẹ̀, kí ẹ má sì mì ín. Tó bá jẹ́ àrùn yẹn ni, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó rí ohun funfun bíi mílíìkì tí yóò máa sọ̀ kalẹ̀ nínú omi ní fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ hú gbòǹgbò wò. Tó bá ti ṣe kókó-kókó, aràn inú ilẹ̀ tí ojú kò rí ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Kò sí oògùn tí ń wo àrùn bakitéríà yìí sàn. Ẹ hú gbogbo èyí tó ti rọ tòun ti gbòǹgbò, ẹ dáná sun ún, ẹ má kó o sórí ààtàn tí ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀. Omi àti ọkọ́ ló máa ń gbé e kiri. Torí náà, ẹ la ọ̀nà omi kí àgbàrá má bàa ṣàn láti ebè tòmátì lọ sídìí ata, kí ẹ sì fi bílíìsì fọ ọkọ́: ìwọ̀n kan bílíìsì sí mẹ́sàn-án omi. Ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìkàn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn sí i.

Ìyá Ẹlẹ́wédú

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ní ti tẹ̀tẹ̀, ẹ fà á tu. Tí òdòdó bá ti yọ lórí, ẹ̀ka tó hù lẹ́yìn tí ẹ gé e náà á yọ òdòdó ni, igi rẹ̀ á le, ewé rẹ̀ á kéré. Ṣùgbọ́n ẹ dá igi méjì tàbí mẹ́ta sí fún irúgbìn, kó jẹ́ àwọn tó pẹ́ jù lọ kí wọ́n tó yọ òdòdó. Àwọn tó ń gba irúgbìn lára èyí tó kọ́kọ́ gbó ń fọwọ́ ara wọn mú ẹ̀fọ́ tí yóò máa yára gbó lọ́dọọdún.

Ẹ tú ọ̀kan nínú ewé tó ká yẹn wò. Kòkòrò tín-ín-rín aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òwú àti ìgbẹ́ dúdú wínníwínní. Ewé tó fi bora ni kì í jẹ́ kí oògùn kàn án, torí náà, tó bá dé ara ẹ̀fọ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ já àwọn ewé tó ti ká, kí ẹ tẹ kòkòrò inú wọn pa. Lẹ́yìn náà, ẹ gún kílò kan ewé dóńgóyárò tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà márùn-ún mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ ṣíbí kékeré kan mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, dé abẹ́ ewé, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún un fọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tàbí lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ̀ ọ́. Mo bẹ yín, ẹ má fọ́n oògùn ẹ̀fọn tàbí ti aáyán sára ohun tí ẹ ó jẹ. Majele ni.

Ewédú so nítorí pé ojúmọmọ ti ń kúrú, kì í ṣe àṣìṣe yín. Èyí tí ẹ bá gbìn báyìí kò ní ga bíi ti oṣù kẹrin. Ẹ gbìn ín kó pọ̀ súnmọ́ra, kí ẹ sì hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sọ ọ́ sómi tútù lójú ẹsẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù, torí èèpo rẹ̀ le.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti dán ti ife wò, funfun náà sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. A ti hú wọn. Ìgbẹ́ adìẹ àpò méjì wà nílẹ̀, tuntun ni, ó ṣì ń rùn. Ṣé mo lè dà á sórí ebè kí n gbin tẹ̀tẹ̀ lọ́la?

Olóko Òjé

Rárá o. Bó ṣe ń ta yín nímú yẹn ni yóò ṣe jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ síbi tí òjò kò ti ní pa á, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ máa yí i lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ títí ooru àti òórùn yóò fi lọ. Lẹ́yìn náà, kílò márùn-ún tó fún ebè kan. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀, kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbin nǹkan.

Ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹsàn-án nìyẹn bọ́ sí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ṣíbí tíì kan tó ebè kan. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ agolo mílíìkì mẹ́ta kó má bàa ṣù jọ. Ẹ fa ìlà tó jìnnà síra ní ogún sẹ̀ǹtímítà, ẹ bu erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ebè kí òjò má bàa gbá irúgbìn lọ, kí èèrà má sì kó o. Tó bá ti hù, bíi ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, ẹ ká koríko náà kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lórí ebè yóò rí ẹ̀fọ́ tó funfun tó sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Títí òjò yóò fi padà, garawa lítà mẹ́wàá méjì tó fún ebè kan lójúmọ́, ní àárọ̀. Ẹ ti ìka bọlẹ̀ kí ẹ tó bomi. Tí ilẹ̀ bá tutù dé oríkèé kejì, ẹ fi í sílẹ̀.

Bàbá Alágbàdo

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ tòmátì, ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ báyìí sínú abọ́ tàbí ike, kí ẹ ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sínú àpò ìrẹsì tí ẹ ti dá ihò sí nídìí, igi kan sí àpò kan. Ilẹ̀ tí tòmátì tàbí ata kò tí ì gbé inú rẹ̀ rí ni kí ẹ bù sí i, ìwọ̀n méjì sí ìwọ̀n kan ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná. Ẹ má gbé àpò náà lé ilẹ̀ lásán. Ẹ tẹ́ búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀.