Èsì: ẹ̀tù ni, kì í ṣe “epo ìfò”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń jó, láti àná ni “epo ìfò” tí àbúrò wa ará Ìkòròdú fi pè é ti há mi lọ́fun. Ó gbìyànjú o, ṣùgbọ́n ẹ wo “fò” yẹn. Ẹyẹ ló ń fò, bàálù ló ń fò, apá ni wọ́n fi ń di afẹ́fẹ́ mú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í fapá fò. Iná ń tú jáde nídìí rẹ̀, òun náà ń sún síwájú, bí ìbọn ṣe ń ta ọdẹ léjìká tó bá yìn ín. Ó ń ta ni.

“Epo” gan-an ò pé. Kẹrosíìnì nìkan kọ́ ló gbé dání. Ó gbé ọ́síjìn pẹ̀lú, èyí tí wọ́n mú tutù di omi, ní nǹkan bíi dígírì 183 sísàlẹ̀ òdo, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó máa lò lókè. Èwo lepo nínú méjèèjì? Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, mo máa ń jókòó ti bàbá mi tó bá ń ki ṣakabùlà: á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá gún un títí á fi le. Afẹ́fẹ́ ò ríbi wọlé, síbẹ̀ ó ń jó, torí inú ẹ̀tù ni èémí ẹ̀tù wà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀? Ẹ̀tù olómi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i dáadáa. Ẹni tó kọ “ẹtù” lánàá, ẹyẹ ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè.

Ọ̀gá wa tó wà ní Àgbádárìgì ní ká má yọra wa lẹ́nu lórí orúkọ, pé lọ́la wọn á ti pààrọ̀ epo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀la wo, sà? Bẹntiróòlù àti ọ́síjìn olómi ni Goddard, onímọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, fi yin tiẹ̀ lọ́dún 1926. Kẹrosíìnì àti ọ́síjìn ni R-7, rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, fi gbé sátẹ́láìtì Sputnik lọ yí ayé po lọ́dún 1957. Soyuz, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà, ṣì ń jó o. Ti gáàsì mẹ́tẹ́ènì tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́, oṣù Keje ọdún 2023 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Zhuque-2 ti Ṣáínà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dé ibi tí wọ́n ti ń yí ayé po, òun sì lakọ́kọ́. Bí wọ́n bá wọn rọ́kẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ohun jíjó. Torí náà táǹkì, pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì, títí kan páìpù orí pápá tí wọ́n ti ń yìn ín, ohun jíjó yẹn ni wọ́n rán wọn mọ́. Gáàsì háídírójìn lágbára ju kẹrosíìnì lọ, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ débi pé táǹkì ńlá ló ń gbà, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní dígírì 253 sísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá pààrọ̀ ohun jíjó, rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ló ń kàn yẹn. Ẹ lọ béèrè létí ọ̀sà wa bóyá awakọ̀ kankan á fi ẹ́ńjìnnì tí ò tíì dán wò kó èrò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ẹ̀tù tí omi bá kàn ò yìn mọ́. Kó mú tiẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ lé ọ̀rọ̀ náà “sánmà” kúrò nínú èdè wa torí ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, ẹ kọ́kọ́ lé àlùbọ́sà kúrò nínú ọbẹ̀ yín.