Ọ̀ọ́kán àti ọ̀gangan: orúkọ tó yẹ ọ̀nà ìyàwòrán méjèèjì

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Mo ti ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí a máa pe perspective, ìyẹn yíya nǹkan bí ojú ṣe ń rí i láti ibì kan, ní "ìwòye", kí projection, ìyẹn gbígbé àwòrán nǹkan lọ sára ìwé tàbí ògiri, jẹ́ "ìjùsí", kí vanishing point, ibi tí àwọn ìlà tó ń jìn lọ ti dà bí ẹni pàdé nínú àwòrán, sì jẹ́ "ibi ìpòórá". Àbúrò wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ yíyà àwòrán ilé fèsì pé "àfojúdíwọ̀n" ló yẹ perspective ju ìwòye lọ. Mo kí àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní irú àwòrán yíyà yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń kọ́ wọn nítorí pé orúkọ kò sí lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "àfojúdíwọ̀n". Ẹni tó fojú díwọ̀n nǹkan kò mú rúlà dání. Ó wò ó, ó sì fọkàn pè é ní iye kan. Àwòrán tí à ń wí yìí, rúlà ni wọ́n fi ń yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà tí kò bá sì gba ibi tó yẹ kó gbà kọjá, àṣìṣe ni. Ní ti "ìwòye", tí mo bá ní "ní ìwòye tèmi", èrò ọkàn mi ni mò ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe èrò ọkàn àti àwòrán. Mi ò rídìí tí àwa yóò fi jogún ìdàpọ̀ yẹn.

Kí ni nǹkan náà gan-an? Ní kíláàsì mi, mo máa ń ní kí ọmọ kan dúró níwájú fèrèsé onígíláàsì, kó di ojú kan, kó sì fi máákà tọ ipasẹ̀ ohun tó ń rí níta sára gíláàsì: òpó iná, ọgbà, orí òrùlé. Ọmọkùnrin kan wà tí orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà tó fi máa ya òpó kẹta tán, òpó àkọ́kọ́ ti yẹ̀ kúrò nínú ìlà tó yà fún un. Ó ní òpó ló ń rìn. Mo gbé àga kan wá, mo ní kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀yìn àga náà, kó má mira. Bó ṣe sún orí díẹ̀ sọ́tùn-ún báyìí ni ìlà òpó àkọ́kọ́ padà bọ́ sórí òpó tó ni ín. Ó pariwo débi pé kíláàsì kejì yọjú.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ojú kan, ibùdúró kan. Ní ọdún 1525, ayàwòrán Albrecht Dürer ní Jámánì fi òwú ṣàlàyé rẹ̀. Ó fi ìkọ́ kan sára ògiri dípò ojú, ó ta òwú láti ibẹ̀ gba inú férémù onígi kọjá dé ara ohun tó fẹ́ yà, ibi tí òwú bá sì ti gba inú férémù kọjá ni wọ́n ń sàmì sí. Òun náà ló kọ ọ́ pé wíwo nǹkan gba inú nǹkan kọjá ni perspectiva, ọ̀rọ̀ Látìn tí perspective ti wá, túmọ̀ sí. Kò sí èrò ọkàn kankan níbẹ̀.

Àwa náà ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó dúró síbì kan tó ń wo nǹkan láti òkèèrè láìsí ohun tó dí i lójú. "Mo rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ká mọ̀ pé ibì kan lòun dúró sí, pé ọ̀nà jìn, pé ojú òun sì lọ tààrà. Ohun mẹ́ta tí àwòrán yìí nílò ti wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan. Àbá mi nìyí: àwòrán ọ̀ọ́kán.

Ó ku projection. "Ìjùsí" kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí òkúta là ń jù. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń jù níbí. Ohun tó súnmọ́ ọn jù ni òjìji. Ẹ gbé ọwọ́ síwájú àtùpà lálẹ́: bí ọwọ́ bá ṣe ń súnmọ́ àtùpà ni òjìji ń tóbi lára ògiri. Ẹ gbé ọwọ́ kan náà sínú oòrùn, ẹ sún un mọ́ ògiri, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀: òjìji kò tóbi sí i. Ìtànṣán àtùpà ń fọ́nká láti ojú kan, àmọ́ oòrùn jìnnà débi pé ìtànṣán rẹ̀ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìpàdé. Òjìji àtùpà ni ìbátan àwòrán ọ̀ọ́kán. Òjìji oòrùn ni ìbátan àwòrán tí káfíńtà àti àwọn tó ń rọ irin ń lò, èyí tí ìwọ̀n kì í yí padà nínú rẹ̀ bó ti wù kí nǹkan jìn tó.

Èyí kejì yìí ni mo fẹ́ ká pè ní àwòrán ọ̀gangan. Tí oòrùn bá wà ní ọ̀gangan orí, gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí: kò tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò tẹ̀ sósì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà ṣe ń ti ara nǹkan lọ sára ìwé nínú àwòrán yìí, tààrà, láìtẹ̀. A wò ó ní ọ̀gangan iwájú, a wò ó ní ọ̀gangan òkè, a wò ó ní ọ̀gangan ẹ̀gbẹ́. Gaspard Monge, onímọ̀ ìṣirò, ló fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Mézières, ní Faransé, nítorí kíkọ́ odi ogun, àṣírí ogun ni wọ́n sì fi ṣe títí ó fi wá ń kọ́ni ní gbangba ní ọdún 1795. Ẹnìkan lè bi mí pé orúkọ wo wá ni ti projection fúnra rẹ̀, tó kó méjèèjì pọ̀. Lójú tèmi, kò pọn dandan ká ní in. Tí a bá ti ní ọ̀ọ́kán àti ọ̀gangan, akẹ́kọ̀ọ́ á mọ èyí tí à ń wí.

"Ibi ìpòórá" ni mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wa jà lé lórí jù. Ohun tó bá pòórá ti lọ, a ò rí i mọ́. Ẹ wo ojú irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Mọníyà n'Ìbàdàn, kí ẹ wò ó láti orí afárá tó gba òkè rẹ̀ kọjá. Mìlímítà 1,435 ló wà láàárín irin méjèèjì níbi gbogbo. Síbẹ̀, ní mítà 100, àlàfo yẹn yóò dà bí ìdajì ohun tó jẹ́ ní mítà 50, ní 200 yóò tún dín sí ìdajì, títí irin méjèèjì yóò fi mú ṣóńṣó. Wọn ò pòórá. Wọ́n mú ṣóńṣó ni. A ní ṣóńṣó orí òkè, a ní ṣóńṣó ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ṣóńṣó ọ̀ọ́kán. Ó sì rọrùn láti fi ka iye rẹ̀: ọ̀ọ́kán oníṣóńṣó kan fún ojú irin, oníṣóńṣó méjì fún igun ilé tó kọjú sí wa, oníṣóńṣó mẹ́ta fún ilé gogoro tí a gbójú sókè wò.

Ìlà tí ṣóńṣó náà ń jókòó lé, tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ní gíga ojú ẹni tó ń wò ó ló wà. Ẹ̀gbọ́n wa pè é ní "ìlà ojú". Ìtumọ̀ rẹ̀ dáa, àmọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ilà tí wọ́n ń kọ sójú ni ènìyàn yóò kà. Mo fara mọ́ "ìlà gíga-ojú".

Isometric ńkọ́, àwòrán tó ń fi ojú mẹ́ta nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan náà? William Farish, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Cambridge, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1822. Ó máa ń to ẹ̀rọ pọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó ń tú u, ó sì nílò àwòrán tí àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa wò láti tún un tò. Ìlà kan lóòró, méjì tó gbé dígírì 30 sókè lápá ọ̀tún àti òsì, ìwọ̀n kan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Àwòrán adọ́gba" tó fún mi. Tí ẹ bá wo àpótí gidi bẹ́ẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 rẹ̀ yóò súnkì sí bíi 8.2, ṣùgbọ́n 10 gan-an làwọn ayàwòrán ń yà kí oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi rúlà wọ̀n ọ́n. "Ìsúnkì" sì nìyẹn, fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ fún un.

Igun kìíní àti igun kẹta (first angle àti third angle), ọ̀nà méjì tí a fi ń to àwọn àwòrán ọ̀gangan sórí ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ ká máa ṣàlàyé wọn dáadáa. Nínú igun kìíní, ìwé wà lẹ́yìn nǹkan bí ògiri tó gba òjìji, nítorí náà ohun tí a rí láti ẹ̀gbẹ́ òsì ń bọ́ sí ọ̀tún. Nínú igun kẹta, ìwé wà níwájú nǹkan bíi gíláàsì, ti òsì sì dúró sí òsì. Mo ya kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi ní igun kìíní, mi ò sì fi àmì tó ń sọ irú igun tó jẹ́ sí i. Káfíńtà kà á bí igun kẹta. Apá tó yẹ kó ṣí sílẹ̀ fún ìkòkò ló wá kọjú sí ògiri, a ò rí ọwọ́ tì bọ̀ ọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí àmì yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹnìkan béèrè bóyá àwọn baba wa kò mọ ọ̀ọ́kán. Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Olorì dúró lẹ́yìn ọba, ó sì ga ju ọba lọ dáadáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ló tóbi jù! Ipò ló ń pinnu títóbi níbẹ̀, ibi tí ojú dúró sí kọ́. Ọgbọ́n mìíràn ni, ó sì yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nínú ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ mí níyà: gíláàsì ojú fèrèsé yẹn, ibi tí àwòrán ti ń dúró láàárín ojú àti nǹkan. "Pátákó" kò bá a mu torí ojú kì í ríran gba inú rẹ̀ kọjá. "Gíláàsì" ni mò ń lò fún àwọn ọmọ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́.